Ìlà Pupa Tó Wà Lára Páálí Oògùn

Ohùn obìnrin náà ló kọ́kọ́ dé fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn nílé ìwòsàn, kí ojú rẹ̀ tó dé. Apòògùn dorí kodò, ó ń ka hóró oògùn ẹlòmíràn, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, ìwé mi rè é." Ìka rẹ̀ dúró sórí hóró kejìdínlógún. Ohùn yìí ló ti ń ka ìròyìn òwúrọ̀ sí i létí lórí rédíò láti ọdún mẹ́rin, tí òun náà sì máa ń dá lóhùn nínú ilé ìdáná bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ó gbójú sókè. Obìnrin náà fi ìborùn búlúù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n irorẹ́ iwájú orí rẹ̀ kò ṣeé bò. Ó wú, ó pọ́n, ó sì ti dápàá síbi tó ti jinná. Ojú tó ti gbọ́ ìmọ̀ràn gbogbo ayé ni, ìmọ̀ràn náà sì ti sú u.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìròyìn," ni Apòògùn wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Torí pé rédíò kì í fi ojú hàn ni mo ṣe yan iṣẹ́ náà."

Oògùn tó wá gbà lágbára, òfin tó yí i ká sì le jù ú lọ. Ó máa ń dín epo abẹ́ awọ kù títí irorẹ́ yóò fi wábi gbà. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá gbé e mì, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Nítorí náà ni obìnrin tó ń lò ó fi gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún lóṣooṣù, kí ó buwọ́ lùwé, kí ó sì gba ti ọgbọ̀n ọjọ́ péré láàárín ọjọ́ méje tí èsì bá jáde. Kò sì gbọdọ̀ lóyún títí oṣù kan yóò fi kọjá lẹ́yìn hóró tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan ní òfin náà ń tú àṣírí obìnrin. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ inú oyún kò lè sọ tẹnu rẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin lórí ìwé náà ló máa ń nira jù fún Apòògùn. "Ṣé ẹ ní ọkùnrin tí ẹ jọ wà?"

"Pẹ̀lú ojú wo? Ẹ kọ 'rárá', kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀."

"Ìwé ò béèrè ojú yín o. Ọkùnrin ló béèrè."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ó rẹ òun, ó sì gba oògùn rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà dé lóṣù kejì, oògùn náà ti mú kí ètè rẹ̀ gbẹ, kó sì là. "Mo fẹ́ sọ 'ìpàdé àpapọ̀' lórí rédíò lánàá, ètè mi ya, ẹ̀jẹ̀ ni mo sọ."

"Mo gbọ́ bí ẹ ṣe dánu dúró. Mo rò pé ẹ̀ ń ronú ni." Apòògùn ti ìpara ètè kan sí i.

Lóṣù kẹta, 'rárá' náà ni. Lóṣù kẹrin, Apòògùn béèrè, ojú rẹ̀ wà lára bírò.

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè," ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà wí.

Bírò bọ́ sílẹ̀. Apòògùn gbé fáìlì náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní fèrèsé kejì. "Ọ̀gá mi, ẹ bá mi gba èyí. Adájọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ni ọ̀gá dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lò ń ka oògùn tirẹ̀ kó o tó di í."

Nígbà tí àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra, tí Apòògùn sì mú un lọ kí Màmá, ìyá tó bí i, ìborùn ṣì wà lójú obìnrin náà. Bó ṣe ń dìde láti lọ, báàgì rẹ̀ yẹ̀ lórí àga, páálí oògùn sì já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá. Àwòrán aboyún kan wà lára rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá. Màmá gbé páálí náà fún un. Ìgbà tí àlejò lọ tán ló tó la ẹnu.

"Obìnrin tó ń gbé oògùn ìṣẹ́yún kiri, òun lo rí mú wálé?"

"Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Mo lójú. Mo rí oyún, mo rí ìlà tí wọ́n fi pa á rẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe rí?"

Apòògùn dákẹ́. Ìbúra iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti sọ oògùn aláìsàn fún ẹlòmíràn, ìyá tó bí i ìbáà ṣe. Màmá ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ìjẹ́wọ́, ó ní kò sí ìgbéyàwó tí òun yóò fọwọ́ sí.

"Oṣù méjì ló kù kí n lo oògùn náà tán," ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí nígbà tó gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ilé iṣẹ́ rédíò, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Ó ti rẹ̀ mí, olólùfẹ́. Bí mo bá dá a dúró, ìjà á tán. Màá gbé ojú mi bó ṣe wà."

"Bó o bá dá a dúró nítorí mi, èmi ni màá wá di irorẹ́ rẹ. Mi ò sì ní jinná."

Rírẹ́rìn-ín dùn ún ní ètè. Ó jókòó pẹ́, ó ronú, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì dá lọ bá Màmá.

Ó kọ́kọ́ tú ìborùn. Màmá rí ojú náà, kò sì gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé tó wà nínú páálí, ó sì kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn, láìfi ọ̀kan pe méjì: ohun tí oògùn náà ń wò, ewu rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi fa ìlà náà.

"Ìlà yẹn kò pa ọmọ, Màmá," ni ó wí nígbà tó kà á tán. "Ó ń ṣọ́ èyí tí kò tíì dé ni."

Màmá gba páálí náà, ó ń fi àtàǹpàkò nu ìlà pupa bí ẹni pé yóò parẹ́.

"Kì í ṣe ọkọ rẹ ni àkọ́bí mi," ló wí níkẹyìn. "Òun gan-an ò mọ̀. Orí ló ń fọ́ mi nígbà náà, wọ́n fún mi ní oògùn. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo lóyún. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà lò láyé. Bóyá oògùn náà ni, bóyá òun kọ́. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi dòní. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó fa ìlà kankan fún wa."

Màmá dá páálí padà fún un. "Lò ó tán, ọmọ mi. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e pé pẹ̀lú. Bí ọkọ rẹ bá ń kánjú, rán an sí mi."

Ó lò ó tán. Oṣù tó tẹ̀ lé e pé. Àpá ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tó padà sí fèrèsé ilé ìwòsàn láìní ìborùn, láìní ìwé lọ́wọ́. Apòògùn ti dúró láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Síbẹ̀ ó fa ìwé òfìfo kan jáde, ó sì ṣí bírò.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dá ọ lóhùn nídìí rédíò, o ò gbọ́ mi rí," ni ó wí. "Ìbéèrè kẹrin. Ṣé o ní ọkùnrin tí ẹ óò jọ wà?"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ ti etí fèrèsé, ó wo ìwé òfìfo náà.

"Kọ 'bẹ́ẹ̀ ni'," ló wí. "Kí o sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀."