Oṣù Mẹ́jọ Tí Físà Fi Pẹ́

Nígbà tí Nùrẹ́nì kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Bàrákàt ní Ẹ̀gbẹ́dá, eruku irin ló kún irun orí rẹ̀, tó ń dán yinrinyinrin bí ẹni tí wọ́n wọ́n ìràwọ̀ sí lórí. Wẹ́dà ni. Láti ibi iṣẹ́ ló ti gba ibẹ̀ wá. Àpòòwé kan wà lábíyá rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, bí ìgbà tí èèyàn wé ọmọ tuntun.

Ẹ̀rín ni Bàrákàt fẹ́ rín. Ṣùgbọ́n bó ti gbójú sókè tó rí ojú ọkùnrin náà, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń kọ fọ́ọ̀mù físà tí wọn kì í dá a padà."

"Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Mo kàn máa ń kọ òótọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ jókòó jàre."

Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò tíì bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lọ, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò kọjá Ìlọrin rí.

Iléeṣẹ́ kan ní Kánádà ti fún Nùrẹ́nì níṣẹ́. Ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún méjì ló kù kó gbà. Bàrákàt ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dáhùn, títí tí wọ́n fi kan ibì kan.

"Ṣé wọ́n ti kọ̀ láti fún yín ní físà rí?"

"Ẹ kọ ọ́ pé rárá."

"Ṣé rárá ni lóòótọ́?"

Ló bá tú ọ̀rọ̀ jáde. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àjẹ́ǹtì kan fi ayédèrú ìwé báńkì sínú ìwé rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Wọn ò fún un ní físà, àjẹ́ǹtì sì na pápá bora. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

"Tẹ́ ẹ bá purọ́, tí wọ́n sì mọ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fọ́dún márùn-ún," ni Bàrákàt wí.

"Tí mo bá sòótọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó máa rí oorun sùn, ó kéré tán."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ kọ lẹ́tà àlàyé náà lọ́jọ́ yẹn, òjò ò sì dá títí tí wọ́n fi parí ẹ̀.

Ìwé ló wá kù láti kó jọ: ìwé ọlọ́pàá, àwòrán ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìkòtún. Ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé Nùrẹ́nì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ó ń wá láìmú ìwé kankan dání.

"Kí lẹ tún gbàgbé?"

"Mo gbàgbé láti kí yín dáadáa lánàá."

Ìgbà àgbàdo ni. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn á máa fi àgbọn jẹ àgbàdo sísè. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn. Bàrákàt kàn gbọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń sọ pé, "Nùrẹ́nì, o ti jẹ tèmi mọ́ tìẹ," ara rẹ̀ sì gbóná títí dé etí.

Ìwé àṣẹ náà jáde. Kó tó lọ, Nùrẹ́nì lọ tọrọ Bàrákàt lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Àáfà Jibril, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Gowon Estate.

Ẹ̀rù ba Àáfà, kì í sì í ṣe lásán. Fàthíà, àkọ́bí rẹ̀, ni wọ́n so yìgì fún lórí fóònù pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wà lókè òkun. Fún ọdún mẹ́rin ni Fàthíà fi retí físà tí ọkùnrin náà ò béèrè fún rí.

"Mi ò ní o ò lè fẹ́ ọmọ mi," ni Àáfà wí. "Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà lo wà. Lọ ṣiṣẹ́ ẹ, kó o sì fẹsẹ̀ ara ẹ tọ̀ mí wá. Mi ò ní fọmọ fún fóònù mọ́."

Nùrẹ́nì lọ. Ọdún kan kọjá, ìkejì sì ń lọ. Ojoojúmọ́ ló ń pè, ṣùgbọ́n ohùn èèyàn kì í ṣe èèyàn. Nígbà tí ìwé rẹ̀ ku oṣù díẹ̀ kó parí, ọ̀gá rẹ̀ ní òun á bá a tún un ṣe, kó ṣáà má kúrò nílùú. Tó bá wálé, àtìbẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n sì lè máà fún un mọ́.

"Bàrá mi, Adéolú tá a jọ ń gbé ní ká so yìgì lórí fóònù. Ó ní báyìí lòun náà ṣe ṣe tiẹ̀."

Bàrákàt gbé fóònù bọ́ síta. "Tó o bá ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀, màá bẹ bàbá mi títí wọ́n á fi gbà. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà lèmi àti Fàthíà ń gbé. Mo máa ń rí i tó bá ń wo fóònù ẹ̀."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Nùrẹ́nì ò pè. Bàrákàt rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì ń kọ fọ́ọ̀mù oníbàárà pẹ̀lú ojú tó wú.

Àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ kéwú ṣì ń kà nígbà tí ọkùnrin kan wọ́ àpótí wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Àáfà.

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá, Àáfà."

Àáfà wò ó títí. "Ìwé ẹ ńkọ́?"

"Ó ń parí lọ, sà. Tí wọn ò bá fún mi mọ́, màá jórin ní Ìgàndó."

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná. "Fàthíà! Lọ pe àbúrò ẹ wá."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n so yìgì. Fàthíà ló di Bàrákàt lọ́wọ́ mú jáde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá gbogbo èèyàn jà pé kí wọ́n má tẹ aṣọ ìyàwó mọ́lẹ̀.

Yàrá kan ni wọ́n gbà ní Ìgàndó. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì retí rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn ará ilé ń káàánú wọn pé físà pẹ́. Títí dòní, ní ìlú òtútù tí wọ́n ń gbé, oṣù mẹ́jọ yẹn ni Bàrákàt máa ń rántí tí ọkàn rẹ̀ bá fà sílé: Nùrẹ́nì tó ń pọn omi láràárọ̀, orin burúkú tó máa ń kọ tó bá ń fọ aṣọ, òrùn ìrọ̀lẹ́ tó máa ń gba ojú fèrèsé kan ṣoṣo tí wọ́n ní wọlé, àti bí ayé ṣe kéré tó, tó sì tó wọn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni èsì wọlé sórí fóònù. Wọ́n ti fún wọn. Àwọn méjèèjì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó hó.

"Ṣé inú ẹ dùn, ìyàwó mi?"

"Ó dùn."

"Ẹkún kí wá lò ń sun?"

"Yàrá yìí ni, olówó orí mi."

Nùrẹ́nì jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn alájọgbé wọn nínú ọgbà, ohùn ọmọdé, ìró àwo tí wọ́n ń fọ̀.

"Ká má tíì sọ fẹ́nì kankan," ni Nùrẹ́nì wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó di ọ̀la."

Bàrákàt pa fóònù náà, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì fi orí lé èjìká ọkọ rẹ̀.