Àpòòwé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Abẹ́ Yìnyín

Yìnyín kì í gbé nǹkan oníǹkan lọ títí láé. Èyí tí wọ́n ń kó láti àwọn ojú títì ìlú Tamarack, tí wọ́n ń dà jọ bí òkè sẹ́yìn pápá ìṣeré, ó di oṣù Épírì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tó gbé mì: bàtà ẹsẹ̀ kan, ṣọ́bìrì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Duane tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Báàgì oúnjẹ dídì ni, irú èyí tó wà nílé gbogbo èèyàn, wọ́n fa síìpù rẹ̀ pa gírígírí. Duane ṣí i, ó rò pé ẹja ló máa bá níbẹ̀. Ìwé ló bá. Ó pe ọlọ́pàá.

Ìsípẹ́kítọ̀ Reino Lahti wọ ìbọ̀wọ́, ó lóṣòó, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpòòwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ san owó jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n kọ sí lára gbogbo wọn. Òǹtẹ̀ pupa ọ́fíìsì náà wà lára wọn pé wọ́n ti gbà á lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Fẹ́búárì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò já ẹyọ kan nínú wọn.

Nígbà tó dé orí ìkọkàndínlógún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìkọ̀wé Kirsti ló wà lára rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Duane yọjú wò ó. "Ìsípẹ́kítọ̀, ṣé kò sí o? Àfi bí ẹni tó rí òkú."

"Òkú ì bá sàn," ni Lahti wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Máàṣì, lẹ́tà kan dé bá Kirsti pé wọn kò rí ìwé rẹ̀ gbà, nítorí náà ìrànwọ́ ti dúró. Kirsti ní òun fi ránṣẹ́, ó búra. Orí ọbẹ̀ ẹ̀wà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wà, nílé Lahti. Ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Irọ́ lò ń pa. Láti kékeré lo ti máa ń fi nǹkan falẹ̀!" Lójú Aino, ọmọ Kirsti, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló sọ ọ́. Nígbà tí Kirsti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun mú Aino dání fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ní òun ti tọ́ ọmọ tòun. Bí iṣẹ́ kíṣìnnì ọsibítù ṣe bọ́ lọ́wọ́ Kirsti nìyẹn. Jẹ́lé-ó-sinmi ṣì ń di àyè Aino mú, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an ni wọ́n dá. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹlòmíì ló ni ín, ìlà àwọn tó ń dúró de àyè sì tó ọdún méjì.

Lahti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìwé ọmọ òun wà níbẹ̀.

"Ta ni kò ní ẹbí nínú ìlú yìí, Reino?" ni ọ̀gá wí. "Lọ wá ẹni tó ṣe é. Èmi fúnra mi ni màá yẹ iṣẹ́ rẹ wò."

Gbogbo ẹnu tó wà ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ náà ló dárúkọ Gord. Gord ló ń gba lẹ́tà, tó ń lu òǹtẹ̀, tó ń pín in. Ó máa fẹ̀yìn tì lóṣù Júùnù. Òun àti Lahti jọ gbá họ́kì nígbà èwe ni.

"Èmi lo wá gbé," ni Gord wí kó tó jókòó. "Gbé mi nígbà náà. Ṣé kí n mú ẹ̀wù mi?"

"Ta ló sọ pé mo wá gbé ọ? Mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ wá."

Ìwé náà mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Fẹ́búárì, àpòòwé méjìlélọ́gbọ̀n ló wọlé fún Colleen Dubchak, obìnrin tó ń yẹ fọ́ọ̀mù àwọn òbí wò.

"Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀ ní aago mẹ́ta."

"Ta ló rí ọ?"

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kì í wá jẹ́rìí ní kóòtù, Gord."

"Kò burú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Màá dúró dè é." Ó pa ìwé náà dé.

Méjìlélọ́gbọ̀n ló wọlé, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jáde lábẹ́ yìnyín. Lahti fi ìyẹn sápò.

Colleen kò tíì pé ogójì ọdún. Ó rẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín jù. Àwòrán katakata kéékèèké, irú èyí tí ọmọdé ń lẹ̀ káàkiri, kún ara káàdì tó gbé kọ́rùn.

"Ẹ má wo iyẹn, sà. Darka, ọmọ mi, ni. Bí mo bá sùn, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí mi."

"Màdámù, ṣé àwọn àpòòwé yẹn dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọn ò dé ọ̀dọ̀ mi rárá, sà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ ba Gord lórúkọ jẹ́ o, ṣùgbọ́n bàbá ti ń gbàgbé nǹkan." Ó tún wo aago ara ògiri, ìgbà kẹrin nìyẹn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti jẹ́lé-ó-sinmi, kòtò sì ti ba ọ̀nà Juniper tí à ń gbé jẹ́."

Lahti jẹ́ kó lọ. Ẹni tó ń sáré lọ mú ọmọ kò jọ ọ̀daràn lójú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Duane gbé ìwé tiẹ̀ náà wá, tí wọ́n ń kọ ojú títì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti kó yìnyín sí. "Igun tí mo ti rí báàgì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré la da nǹkan síbẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n Fẹ́búárì, lẹ́yìn ìjì. Yìnyín Juniper nìkan ni."

Lahti kò dúpẹ́ tán tó fi dé ọ́fíìsì. Ó ní kí wọ́n wá àpòòwé kejìlélọ́gbọ̀n fún òun. Ó ń bẹ nínú fáìlì: ìyá kan tó ń jẹ́ Thibault ló ni ín, wọ́n gbà á ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n yẹn kan náà, Colleen sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án Máàṣì. Lahti yí i padà. Ẹnì kan ti fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn àwòrán katakata kan kò kúrò.

Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó pe Colleen àti Gord sínú yàrá kan, ó tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì. Nígbà tí Colleen rí báàgì, ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ.

"Ìwé méjìlélọ́gbọ̀n ló wọlé pọ̀," ni Lahti wí. "Ká ní Gord ló sọ wọ́n nù, kò sí èyí tí ì bá dé ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ sí ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dé ọwọ́ yín, gbogbo wọn ló dé ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo katakata yìí. Ọmọdé kì í wọ ọ́fíìsì yìí, ìwé ló délé ọmọdé. Yìnyín ojú títì yín ló sì gbé báàgì yìí lọ. Kí lẹ rí sọ?"

Colleen bo ojú. "Mi ò jù wọ́n nù. Ọlọ́run gbọ́, mi ò jù wọ́n nù."

Gbogbo rẹ̀ wá tú jáde. Iṣẹ́ kì í tán kí àkókò àtimú Darka tó tó, ló fi ń kó ìwé relé, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ìjì ń jà. Ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́bàá yìnyín iwájú ilé kó lè gbé ọmọ wọlé, ara ọmọ ń gbóná bí iná, ó sì gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, katakata ìjọba ti gbá ojú títì mọ́ féfé. Ẹyọ kan tó bọ́ sábẹ́ ìjókòó Darka nínú ọkọ̀ ló rí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá láti sọ ọ́. Mo ní bí wọ́n bá lé mi ńkọ́, ta ló máa tọ́jú Darka? Ni mo bá tẹ lẹ́tà sí wọn pé a ò rí ìwé wọn gbà. Mo mọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn lórí, sà. Benoît. Ìbejì àwọn Fraser. Aino, ọmọ ọdún mẹ́ta..."

Lahti yí ojú sí fèrèsé.

"O sì ní èmi ni," ni Gord wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ogójì ọdún tí mo ti ń pín lẹ́tà, Colleen."

"Ẹ foríjì mí, bàbá."

Gord fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀.

Ọ̀rọ̀ kún Lahti lẹ́nu. Ó fẹ́ pariwo mọ́ obìnrin yìí pé òpùrọ́ ni, pé ó ba ayé àwọn èèyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pariwo ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, lórí ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹni tí kò ṣẹ̀ ló pariwo rẹ̀ mọ́. Ó wo aago.

"Ta ló máa lọ mú Darka?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Kọ ohun tó o sọ sílẹ̀, kó o fọwọ́ sí i. Ká lọ mú un. Èmi á wakọ̀. Ọ̀rọ̀ kóòtù ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ mi, mi ò lè tàn ọ́."

Kí aago mẹ́wàá tó lù ní ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì ti kọ lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n mìíràn pé ìrànwọ́ ti padà. Lahti fúnra rẹ̀ gbé ti Aino lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ Ajé. Ó wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Kirsti, ó di àpòòwé tó jáde lábẹ́ yìnyín mú.

"O fi ránṣẹ́," ló wí. "Ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìwé gbígbà. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́. Mo jẹ̀bi rẹ, Kirsti."

Kirsti gba àpòòwé náà, ó wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ títí.

"Ẹ rí ìwé lẹ tó gbà gbọ́, Dádì. Èmi tí ẹ bí, mo búra fún yín, ẹ ò gbà mí gbọ́."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọgbọ̀n ọdún dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n ní kíṣìnnì ọsibítù lọ́la," ni Kirsti wí nígbẹ̀yìn, "bóyá wọ́n á gbà mí padà."

"Màá mú Aino dání. Jọ̀ọ́."

Kirsti wò ó títí. "Aago méje, Dádì. Ẹ má fi falẹ̀."

Nígbà tí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lahti ti wà nínú ọkọ̀ níwájú ilé Kirsti, ó ń dúró kí aago méje lù.