Nọ́ọ̀sì Ọjọ́rú

Eruku igi ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀. Káfíńtà ni, ó ń fá pákó lẹ́nu ọ̀nà, eruku ti sọ orí rẹ̀ di funfun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá àgbà. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Ó gbọn orí, irun dúdú sì jáde. "Bàbá mi ni. Wọ́n wà nínú ilé."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì ń wá ṣe ṣẹ́kọ́ọ̀pù fún bàbá, tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, tó sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ogún arúgbó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tí àìsàn rẹ̀ le sí i. Ó ń fi èyí yangàn, kò sì bò ó. Káfíńtà a gbé àga fún un, àga gíga tí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì kì í kanlẹ̀ lórí rẹ̀, a wá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó ń wu nọ́ọ̀sì kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀.

Lóṣù kẹta, ẹ̀jẹ̀ bàbá wálẹ̀. Inú nọ́ọ̀sì dùn, ó sì tún bà jẹ́. Ó ní, "Bó bá rí báyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa wá bá wa ní ilé ìwòsàn."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ bàbá ga fíofío. Nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n, ó gbé ìrọ̀rí láti fi gbé apá rẹ̀ lé, ó rí ìgò iyọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Iyọ̀ tí mo ń lá ni. Tí ara mi bá yá, o ò ní wá mọ́. Ọmọ mi sì ń lọ́ra. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ bà jẹ́ yẹn." Inú bí nọ́ọ̀sì. "Ẹni tí ara ẹ̀ dá gan-an là ń ṣe ṣẹ́kọ́ọ̀pù fún, kó má baà bàjẹ́. Ta ló ní ẹ máa ṣàìsàn ká tó lè máa tọ́jú yín?"

Káfíńtà ti gbọ́. Ìtìjú mú un. Ó jáde, ó gbé àga tuntun wọlé.

"Láti Ọjọ́rú kejì tí ẹ wá síbí ni mo ti ń ṣe é. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Nọ́ọ̀sì jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Ó fọwọ́ ra apá àga náà, kò rí ibi tó rí págunpàgun, orí rẹ̀ sì wú nítorí ọkùnrin yìí.

"Ẹ fẹ́ mi," ni káfíńtà wí. "Kẹ́ ẹ máa ṣe ṣẹ́kọ́ọ̀pù wa lójoojúmọ́."

Bàbá na apá rẹ̀. "Tún un wọ̀n, ìyàwó mi. Ó ti ń wálẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ti ìgò iyọ̀ bọ àpò, kó tó na ọwọ́ sí káfíńtà.