Àkàrà Kan, Ọ̀rọ̀ Kan

Abọ́ ni Nusrat ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Adéníjì Adélé nígbà tí àǹtí rẹ̀ ti ọjà dé. Àǹtí rẹ̀ yìí ni Àlímọ̀t, ọmọ mi, tó ń ta léèsì ní Ọjà Balógun. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Oníbàárà rẹ̀ pàtàkì kan, Àlàájà Mùtíátù, ń bọ̀ lọ́la láti Àjàṣẹ́, lọ́nà Kútọnu. Faransé nìkan ni obìnrin yìí máa ń sọ ní ìsọ̀, odidi ìdì léèsì ló sì máa ń rà lọ tà nílé. Dáfídì, ọmọ Bàdágírì tó ń ṣe ògbufọ̀ wọn, ti gba ilé lọ láàárọ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ bímọ.

"Èmi gbọ́ Faransé o, Àǹtí," Nusrat wí. Kò gbójú sókè lórí abọ́.

Ọmọ ọmọ mi ni Nusrat, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Àlímọ̀t bi í bóyá Faransé inú ìwé ni àbí èyí tí ènìyàn lè fi rajà. Ó ní méjèèjì. Ó wá to gbólóhùn mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí ẹyẹ. Inú àǹtí rẹ̀ dùn débi pé ó ṣèlérí lójú ẹsẹ̀: tí Nusrat bá ṣe ògbufọ̀ náà dáadáa, òun yóò mú un dání lọ sí Kútọnu nígbà ọlidé. Ọmọ tí kò kọjá Bàdágírì rí. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe tàn.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé gbólóhùn mẹ́fà yẹn ni gbogbo Faransé tó ní. Orí fóònù ló ti há wọn sórí. Ẹ̀bi èmi náà sì wà níbẹ̀, kí n má purọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Faransé nílé ìwé, ó máa ń jókòó sídìí fèrèsé, á ṣu ẹnu pọ̀, á máa gbìyànjú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ó dà bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná. Láti ọjọ́ náà kò gbìyànjú rẹ̀ sókè mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, mo tẹ̀lé wọn lọ sí ìsọ̀, nítorí ilé ti sú mi. Wọ́n fi mí sórí àpótí kan láàárín ìdì aṣọ. Nígbà tó tó agogo mọ́kànlá, Àlàájà Mùtíátù dé, obìnrin gíga, arẹwà, tó fi ìborùn funfun bo orí. Nusrat kúnlẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìṣẹ́ ọ̀kan kù. Àlàájà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fèsì. Èsì náà gùn, ó sì ń yára bí òjò orí páànù.

Ojú ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ojú ẹni tó ń dúró kí ọ̀rọ̀ tán. Mo ń wo ọmọ náà. Ó ní "wí", ìyẹn ni bẹ́ẹ̀ ni lédè wọn. Àlàájà tún sọ̀rọ̀. Ó tún ní "wí, wí."

Àlàájà wá fa ìdì léèsì aláwọ̀ ewé kan jáde. Ó yẹ òǹtẹ̀ tó wà létí rẹ̀ wò, ó nàka sí àlùmọ́gàjí Àlímọ̀t tó wà lórí tábìlì, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan. Nusrat wo àlùmọ́gàjí, ó wo léèsì, ó ní "wí".

"Kí ló wí?" Àlímọ̀t béèrè.

"Wọ́n ní kí ẹ gé e, Àǹtí."

"Kí n gé e? Ọ̀pá mélòó?"

Nusrat dáhùn: "Márùn-ún." Ọ̀pá márùn-ún ni gbogbo ènìyàn ń rà, ohun tó gbé e lé nìyẹn.

Ó ya Àlímọ̀t lẹ́nu, nítorí obìnrin yìí kì í ra gígé. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ó tú ìdì náà, ó wọ̀n ọ́n, ó sì fi àlùmọ́gàjí là á kọjá.

"Yéè, ìyá mi ò! Kí lẹ gé e sí?"

Àlàájà ló ké bẹ́ẹ̀, ó káwọ́ lérí. Yorùbá ló fi ké. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ lójijì, èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Yorùbá Àjàṣẹ́ náà ló fi ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ohùn àwọn ará ibẹ̀. Ó ní ohun tí òun béèrè ni bóyá àlùmọ́gàjí kò tíì kan léèsì yẹn. Ní ọjà òun, ìdì tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá ti já, àjẹkù ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kò ní rà á lódidi mọ́.

Àlímọ̀t yíjú sí Nusrat. Irọ́ kan ṣì kù tí ọmọ náà lè pa: kó ní Àlàájà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là, tó tún pa dé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Nusrat kò lọ ju òru kan lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ. Gbólóhùn mẹ́fà yẹn nìkan ni mo mọ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Èmi wá bi Àlàájà ohun tó dé tó fi ń fi Yorùbá pa mọ́ fún wa.

"Màmá, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọjà yín, Yorùbá ilé wa ni mo fi nájà. Àwọn ọmọge kan ń sín mi jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fi Faransé dé, àga ni wọ́n gbé fún mi."

Àlímọ̀t pàtẹ́wọ́. "Àlàájà, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bọ́ Dáfídì ní ìrẹsì nítorí yín."

Ẹ̀rín pa gbogbo ìsọ̀. Àlàájà ní òun yóò rán ọ̀pá márùn-ún náà sọ́rùn ara òun, kí òun máa fi rántí ògbufọ̀ òun. Ó sì kó ìdì mìíràn tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò já. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín tán. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọge yẹn rín Àlàájà, òun náà ni mo rín Nusrat nídìí fèrèsé.

Àlímọ̀t ní kò sí Kútọnu lọ́dún yìí. Nusrat sunkún dé ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rín mi, mo sì sọ ìtàn kan fún un. Nígbà tí mo ń kiri àkàrà ní Ọbáléńdé, n kò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Màlámù Jíbrílù tó ń ta obì ló kọ́ mi ní Haúsá: àkàrà kan, ọ̀rọ̀ kan, láràárọ̀. Ọjọ́ kìíní, ó kọ́ mi bí a ṣe ń kí ènìyàn. Mo rò pé "èló ni" ló kàn. Ó ní rárá, "ban ji ba" ló kàn, ìyẹn ni pé mi ò gbọ́. Ó ní ẹni tó bá mọ ìyẹn sọ, kò sí ọjà tí wọ́n ti máa tà á. Àwọn Haúsá ibẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín títí, èmi náà ń bá wọn rín, ọ̀rọ̀ ń wọlé. Kí Màlámù tó padà sí Kánò, Haúsá ni mo fi ń bá a jà lórí àkàrà.

Bí Nusrat ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí Àlàájà bá wá sí ọjà, yóò gbé àkàrà lọ bá a. Ohun àkọ́kọ́ tó ní kó kọ́ òun, lẹ́yìn ìkíni, ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé mi ò gbọ́. Àlàájà náà sì ń sọ Yorùbá Àjàṣẹ́ rẹ̀ ketekete ní ìsọ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, Àlímọ̀t á ní kó wá sọ Faransé kí àwa náà gbọ́.

Ní ọlidé ọdún tó tẹ̀ lé e, Nusrat bá àǹtí rẹ̀ lọ sí Kútọnu. Ó pè mí lórí fóònù: òun lọ ra búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì sì fi ẹnu òun rẹ́rìn-ín. Mo bi í ohun tó ṣe.

"Mo bá a rín, Ìyá àgbà. Mo wá ní kó tún un sọ, mi ò gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, èdè kì í wọlé sí ẹni tó ń tijú àìmọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ gbọ́ nígbà tí ẹ kò gbọ́. Ẹ má sì fi ẹni tó ń kọ́ èdè ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ lè fi ẹ̀rín sọ olóòótọ́ di onírọ́.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ Faransé lọ́wọ́ Nusrat. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá ni mo ní báyìí. Tí mo bá ṣu ẹnu pọ̀ nídìí fèrèsé, Nusrat kì í rẹ́rìn-ín. Àkàrà rẹ̀ ló ń jẹ.