Onídà ní Castle Green

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, nínú oṣù Kọkànlá. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìkùukùu sì bo gbogbo Castle Green, níbí nílùú òyìnbó. Ó ṣojú mi kòrókòró. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, n kò ní bá a jà.

Ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́ fún àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ kí wọ́n tó kọ́ ilé sórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà, a kan idà nínú sàréè. Jannah, ọ̀gá wa, ní ìran àwọn Saxon, àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ilẹ̀ yìí, ló ni ín, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìpẹtà lásán ni lójú mi. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ni yóò fi hàn bí alágbẹ̀dẹ ṣe lọ́ irin rẹ̀ pọ̀.

Ilẹ̀ ti jẹ eegun onídà tán. Àmì ara rẹ̀ nìkan ló kù láàárín kòtò, dúdú lórí yanrìn. Wọ́n tẹ́ idà sí apá rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ ti ìyá rẹ̀.

Jannah lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé idà náà. Mo ní màá ṣọ́ ọ. Adébóyè, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbé báàgì kọ́.

"Bọ̀dá Túbọ̀sún, ẹ ò lọlé?"

"Ta ló ń dúró dè mí níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bá bàbá inú kòtò yìí ṣeré nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ bú u, kò gbọ́ Yorùbá."

Ó lọ.

Láti ìgbà tí Wùnmí ìyàwó mi ti kú, ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í gbọ́ ohùn ènìyàn ní yàrá mi.

Mo fa tapólì bo sàréè. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: a kì í bá ẹnìkan níbi tó wà ká má kí i. Ó bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ kú ìdánìkanwà o."

Ariwo ọkọ̀ lójú ọ̀nà A13, títì ńlá ẹ̀gbẹ́ wa, dákẹ́. N kò ní ó lọ sílẹ̀ o. Ó dákẹ́.

Mo gbọ́ ìró yanrìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń yíra padà lórí ẹní. Tapólì wú sókè díẹ̀. Ó wálẹ̀.

"Jannah?"

Kò sí ẹnìkan.

Mo ká etí tapólì, mo tan iná fóònù. Àmì ọkùnrin náà kò sí láàárín mọ́. Ó ti sún lọ kan ògiri kòtò, òun àti idà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ó tó ẹnìkan sùn sí. N kò rí ipasẹ̀ kankan.

Bẹ́ẹ̀ ni Wùnmí máa ń sún fún mi lórí ibùsùn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo na ọwọ́ kan yanrìn ibẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo bọ́ bàtà iṣẹ́ mi, mo tò ó sí etí kòtò, mo sọ̀ kalẹ̀.