Táǹkì Kẹta Bàbá Zaynab

Ohun tó kọ́kọ́ ya Hàdìzà lẹ́nu ni pé táǹkì kẹta kò jò. Gbogbo irin tí Qòsím ọkọ rẹ̀ bá jó pọ̀ ló ń jò, àwọn ará Banifandou, àdúgbò wọn, sì fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì tí wọ́n ti sìnkú ọkùnrin náà, ọwọ́ aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú táǹkì yìí kò sún rárá.

Táyà ni Qòsím ń lẹ̀ jẹun, kì í sì í fẹ́ kí oòrùn ṣòfò. Bí sólà bá ti mú iná wá ju èyí tí ilé ń lò lọ, á fi ìyókù wa pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì títí á fi le gbandi. Bí iná bá lọ, á ṣí i, afẹ́fẹ́ á tú jáde, á yí ẹ̀rọ kékeré kan, iná á dé. Eruku ìdí pọ́ǹpù ní í máa mú un sín. Á ní, "Alhamdulillahi," á wá dúró kí ìyàwó òun dáhùn "Yarhamukallahu," ìyẹn ni kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ.

Lọ́jọ́ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú táǹkì kẹta, ó ti sọ pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Iyọ̀ lásán, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó sín, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Hàdìzà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá Qòsím. Látìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan táǹkì ọ̀hún.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan. Eruku pupa ti bo oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, iná ìjọba ti lọ, táǹkì méjì yòókù ti tán. Oògùn àtọ̀gbẹ ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Mọ́rìlíátù, sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú firíìjì.

"Màmá, èémí Bàbá Zaynab ló kù síbẹ̀," Hàdìzà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi náà ṣì ń mí, ìyàwó mi," ìyá rẹ́rìn-ín. "Ṣí i jàre."

Hàdìzà ṣe bísímílláà, ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ tútù nini fẹ́ sí i lójú, ó ń rùn táyà àti lọ́fínńdà Qòsím. Gílóòbù tàn. Firíìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nǹkan sì sín nínú irin.

"Hàtíṣọ̀! Alhamdulillahi."

Omijé bọ́ lójú Hàdìzà, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu.

"Yarhamukallahu, Bàbá Zaynab. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Má fòyà," ìyá ní. "Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni afẹ́fẹ́ tọ́jú."

Hàdìzà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú.

"Yahdikumullahu, Ìyá Zaynab," táǹkì dá àdúrà náà padà. "Iyọ̀ yẹn ò tiẹ̀ pọ̀ jù."

Ìyá Mọ́rìlíátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí táǹkì.

"Qòsím, ó tó. Jẹ́ kí firíìjì tutù ná."