Sátidé Tí Ìyá Jẹ́jẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́

"Má fi mí sílẹ̀ o," ni ìyá Jẹ́jẹ́ wí, bó ṣe fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ra bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ fún omi rẹ̀ jáde.

Jẹ́jẹ́ di ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mú látẹ̀yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e, òógùn sì ń dà lójú rẹ̀. Wọn kò tíì dé àárín pápá tí kẹ̀kẹ́ fi yà sínú koríko, tìyá tọmọ sì jọ ṣubú. Ìyá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀ ti mọ òun lójú báyìí, ó kù kí kẹ̀kẹ́ náà mọ òun.

Aránṣọ ni ìyá yìí. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú, ìdí máṣíìnì ló máa ń wà, ẹ̀yìn àti orúnkún sì ti ń dà á láàmú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó máa ṣe eré ìdárayá, ó ní òun kò ní máa rìn kiri àdúgbò bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Kẹ̀kẹ́ ni òun máa gùn. Láti kékeré ló ti ń wù ú, àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò jẹ́ kó fọwọ́ kan tiwọn rí. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ fún un ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin wọn, tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn tipẹ́, ni wọ́n fi ṣe olùkọ́.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí ọmọ tí wọ́n bá pè láàárọ̀ tó máa jẹ́ lọ́sàn-án ni. Kó nà gbalaja sórí àga pẹ̀lú fóònù rẹ̀ ló wù ú ní Sátidé, kì í ṣe kó máa sáré tẹ̀ lé àgbàlagbà. Síbẹ̀, ó máa ń lọ.

Ní Sátidé kan, bí ìyá ti ń yí kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá níwájú, ọ̀rẹ́ Jẹ́jẹ́, ọmọ ayàwòrán, yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní káwọn lọ ya fídíò ijó nílé àwọn. Jẹ́jẹ́ sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe fún un.

"Àbí ìwọ lo bí ìyá rẹ ni," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè, "tó o fi ń kọ́ ọ ní ìrìn?"

Ìtìjú mú Jẹ́jẹ́. Ó ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ láìpẹ́, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ijó dùn, ẹ̀rín pọ̀, ó sì gbàgbé.

Ìyá dúró títí. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó ní kí òun dán an wò fúnra òun. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, kò rántí bíréèkì, ló bá ṣubú, ó sì fi ọrùn ọwọ́ rọ́.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Aṣọ oníbàárà tó ti gé sílẹ̀ wà gègèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi ṣubú, kì í ṣe ìwọ," ni ìyá wí. "Àmọ́ mo ń wo ọ̀nà fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jẹ́jẹ́ ju ẹgba lọ. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, tó bá ti dé láti ilé-ìwé, ìdí máṣíìnì ló ń lọ. Ìyá á jókòó tì í, á máa fi ẹnu darí rẹ̀, Jẹ́jẹ́ á sì máa rán ibi tó bá tọ́ka sí. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti máa ro ó bíi ti arúgbó, ibẹ̀ ló sì ti wá mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń fi ara rù láti ọdún yìí wá. Àmọ́ ìyá kì í jẹ́ kí ilé ṣú. Bó bá ṣe ń ṣe àfarawé àwọn oníbàárà tó ń sanra tí wọ́n ní aṣọ ló ń súnkì, bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ ibi tó gbé fóònù sí.

Ọwọ́ ìyá san. Jẹ́jẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti parí nìyẹn. Àfi bí ìyá ṣe já wọ yàrá rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé, tó ti di gèlè mọ́rí gírígírí.

"Olùkọ́, ilẹ̀ ti mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ akèrègbè. Dìde ká lọ."

Wọ́n pàdé ọmọ ayàwòrán lójú ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ kò tijú. Ó ní ìyá òun ni òun fẹ́ lọ kọ́, kó bá àwọn ká lọ tó bá wù ú. Ọmọ náà tẹ̀ lé wọn kó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bọ́ bàtà sílẹ̀, tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ rọra ju ìjókòó sílẹ̀. Ìyá kò mọ̀. Ó ń lọ, gèlè ń tú, ó ń bá ẹni tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yípo pápá tó rí Jẹ́jẹ́ níwájú ló tó mọ̀ pé òun nìkan ni òun ń gùn ún. Ó hó bí ọmọdé, kò sì dúró. Bàbá, tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú àpò, sáré tẹ̀ lé e, ó ń rán an létí bíréèkì, títí èémí fi tán nínú rẹ̀ tó jókòó sórí koríko.

Jẹ́jẹ́ dúró, ó ń wò ó. Ojúlé kan náà làwọn jọ ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, àmọ́ kò rí ìyá rẹ̀ báyìí rí: obìnrin tó ṣubú títí, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ́, tó tún padà wá gun ohun tó gbé e ṣubú. Orí rẹ̀ wú. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá mi nìyẹn."

Gbogbo wọn jókòó sórí koríko, wọ́n bu búrẹ́dì náà jẹ. Láti ìgbà náà, tẹbítẹbí ni wọ́n ń jáde ní Sátidé, orúnkún ìyá sì ti ń fúyẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ayọ̀ tí ẹ ń wá kiri nínú fóònù kò jìnnà sílé. Ẹ jáde, ẹ jẹ́ kí òógùn mú yín, ẹ bá àwọn òbí yín ṣeré nígbà tí ara wọn ṣì le. Bẹ́ ẹ bá sì ti ní ẹ̀ ń bọ̀, ẹ yáa bọ̀, torí ẹnì kan ń wo ọ̀nà fún yín.